Ẹni tó tú ẹ̀rọ ìbò wò

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2010, àjọ Electronic Frontier Foundation tó fìdí kalẹ̀ sí San Francisco fi àmì-ẹ̀yẹ tí wọ́n ń pè ní Pioneer Award dá àwọn èèyàn mélòó kan lọ́lá. Ọ̀kan lára wọn ni Hari Krishna Prasad Vemuru, ẹnjiníà láti ìlú Hyderabad ní orílẹ̀-èdè Íńdíà. Oṣù mẹ́ta kò tíì pé nígbà náà tí àwọn ọlọ́pàá wá mú un nílé rẹ̀, tí wọ́n fi mọ́tò gbé e lọ sí Mumbai, tó sì lo bí ọ̀sẹ̀ kan ní àtìmọ́lé. Iṣẹ́ kan náà ló kó o sí wàhálà, òun náà ló sì gba ẹ̀yẹ fún un: ó tú ẹ̀rọ tí àwọn ará Íńdíà fi ń dìbò, ó wo inú rẹ̀, ó sì sọ ohun tó rí síta.

Ó yẹ ká mọ bí iṣẹ́ yẹn ṣe rí àti ibi tó já sí. Ìbéèrè tó wà nídìí rẹ̀ kì í ṣe ti Íńdíà nìkan: nígbà tí wọ́n bá kéde pé lágbájá ló wọlé, kí ni ẹni tó fìdí rẹmi lè yẹ̀ wò kó tó gbà pé òótọ́ ni?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀rọ náà. Kò tóbi, kò sì díjú. Apá méjì ló ní. Apá kan wà níbi tí olùdìbò nìkan ń wọ̀: pátákó tó ní bọ́tìnì 16, tí orúkọ olùdíje àti àmì ẹgbẹ́ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan. Apá kejì wà lórí tábìlì òṣìṣẹ́ elétò ìdìbò. Òun ni òṣìṣẹ́ fi ń ṣí ọ̀nà fún olùdìbò kọ̀ọ̀kan, inú rẹ̀ sì ni ìbò ń lọ. Wáyà tó gùn tó mítà 5 ló so méjèèjì pọ̀. Bátìrì ló fi ń ṣiṣẹ́, torí náà abúlé tí kò rí iná mànàmáná náà lè lò ó. Ilé-iṣẹ́ ìjọba méjì ló ń ṣe é, Bharat Electronics ní Bangalore àti Electronics Corporation of India ní Hyderabad.

Ìlú Parur ní ìpínlẹ̀ Kerala ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi dìbò, lọ́dún 1982. Ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ fagi lé e lọ́dún 1984 nítorí pé òfin kò tíì fàyè gba ẹ̀rọ. Wọ́n tún òfin ṣe, wọ́n sì ń tẹ̀ síwájú díẹ̀díẹ̀, títí gbogbo ìbò ilé aṣòfin àpapọ̀ fi bọ́ sórí ẹ̀rọ lọ́dún 2004. Àǹfààní rẹ̀ pọ̀, kò sì yẹ ká fojú kéré wọn. Láyé ìwé ìdìbò, àwọn jàǹdùkú á ya bo ibùdó, wọ́n á tẹ ìwé jọ, wọ́n á rọ́ ọ sínú àpótí, wọ́n á sì ti lọ kí ọlọ́pàá tó dé. Ẹ̀rọ yìí kì í gbà ju ìbò 5 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó bá fẹ́ fi tipátipá kún un á jókòó tì í pẹ́, òṣìṣẹ́ á sì lè tẹ bọ́tìnì kan tí yóò ti ẹ̀rọ pa. Lọ́dún 2009, ẹ̀rọ tó sún mọ́ mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà 400 ló gba ìbò mílíọ̀nù 417.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé kò sí ará ìta tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe ṣíìpù inú rẹ̀ ti fi ètò kọ̀ǹpútà há a lọ́nà tí ẹnikẹ́ni kò fi lè kà á jáde mọ́, àjọ elétò ìdìbò fúnra rẹ̀ kò lè kà á. Wọ́n ka èyí sí ààbò: bí a kò bá lè kà á, a kò lè yí i. Lójú tèmi, ọ̀nà àyẹ̀wò ni wọ́n dí. Bí ẹnì kan bá ti yí i kó tó kúrò nílé-iṣẹ́, ta ni yóò mọ̀? Lọ́dún 2009, nígbà tí awuyewuye pọ̀, àjọ náà pe àwọn tó ń ṣiyèméjì pé kí wọ́n wá fi hàn bí ẹ̀rọ ṣe lè ṣojúsàájú. Prasad lọ. Ó ní wọ́n dá òun dúró kí òun tó parí ohun tí òun fẹ́ ṣe.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2010, ẹnì kan mú ojúlówó ẹ̀rọ wá bá a, ó ní kó má ṣe dárúkọ òun. Àwọn méjì wá dara pọ̀ mọ́ Prasad: J. Alex Halderman, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Michigan ní Amẹ́ríkà, àti Rop Gonggrijp, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, ẹni tó ti kópa pàtàkì nínú bí orílẹ̀-èdè tirẹ̀ ṣe pa ẹ̀rọ ìbò tì tí wọ́n sì padà sórí ìwé àti pẹ́ńsùlù. Ọgbọ́n méjì ni wọ́n fi hàn, méjèèjì ló sì yẹ ká yà sọ́tọ̀ wò.

Èyí àkọ́kọ́ dá lórí ojú tí ẹ̀rọ fi ń sọ iye ìbò. Lọ́jọ́ ìkà, ìyẹn ọjọ́ tí wọ́n ń ka ìbò, òṣìṣẹ́ á já òǹtẹ̀, á tẹ bọ́tìnì, iye ìbò olùdíje kọ̀ọ̀kan á sì máa yọ lójú ẹ̀rọ níkọ̀ọ̀kan. Pátákó kékeré kan ló ń gbé nọ́ńbà wọ̀nyẹn jáde. Àwọn olùṣèwádìí ṣe pátákó mìíràn tí ojú lásán kò lè fi yàtọ̀ sí ojúlówó, wọ́n sì fi ṣíìpù kékeré àti rédíò Bluetooth pamọ́ sábẹ́ ibi tí nọ́ńbà ti ń tàn. Ẹni tó wà nítòsí pẹ̀lú fóònù lè ránṣẹ́ sí i pé olùdíje báyìí ni kó gbé wọlé. Bí ìkà bá bẹ̀rẹ̀, ṣíìpù yẹn á gba iye tòótọ́ láti inú ẹ̀rọ, á yọ lára ti ẹni yìí, á fi kún ti ẹni yẹn, á rí i dájú pé àròpọ̀ kò yí padà, á wá gbé irọ́ síta. Ìbò gan-an ṣì wà nínú ẹ̀rọ bí àwọn èèyàn ṣe dì í. Àmọ́ ta ni yóò rí i? Ojú yẹn nìkan ni gbogbo ayé ń wò. Ẹni tó bá sì rí àyè dé ìdí ẹ̀rọ lè ti pààrọ̀ pátákó náà láti ọdún méjì sẹ́yìn, nígbà tí wọ́n ń tún un ṣe tàbí nígbà tó wà ní ìpamọ́.

Ohun tí wọ́n fi ṣe èkejì kò ju èyí tí èèyàn lè fi sápò ẹ̀wù lọ. Ẹ̀rọ kékeré ni, tó ń di ṣíìpù tí ìbò wà nínú rẹ̀ mú láti òkè. Ó ní ohun tí wọ́n ń yí láti yan nọ́ńbà olùdíje. Wọ́n á yí i, wọ́n á gbé e lé ṣíìpù, ìbò á sì ti pààrọ̀ ọwọ́. Ní Íńdíà, ìdìbò máa ń pín sí ìpele fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, ẹ̀rọ tí wọ́n fi dìbò lónìí lè wà ní ìpamọ́ fún bí oṣù kan kí ọjọ́ ìkà tó pé. Láàárín àkókò yẹn, òǹtẹ̀ ìda pupa, ìwé àti okùn ni ààbò tó wà lára rẹ̀, lẹ́yìn àwọn ẹ̀ṣọ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà.

Àwọn olùṣèwádìí kò sọ pé wọ́n ti fi ọ̀nà wọ̀nyí jí ìbò kankan ní Íńdíà. Ohun tí wọ́n sọ ni pé bí wọ́n bá jí i, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi mọ̀. Ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn, ẹni tó bá sì pa wọ́n pọ̀, yálà láti gbèjà ìjọba tàbí láti bú u, kò ka iṣẹ́ wọn dáadáa.

Wọ́n kéde ohun tí wọ́n rí ní oṣù kẹrin ọdún 2010. Ọlọ́pàá bi Prasad léèrè ẹni tó fún un ní ẹ̀rọ. Kò sọ. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ, wọ́n mú un. Lẹ́yìn tí ilé-ẹjọ́ gba onídùúró rẹ̀ ni ìwé ìwádìí wọn jáde ní Chicago, níbi àpérò àgbáyé kan lórí ààbò kọ̀ǹpútà, ní oṣù kẹwàá, àmì-ẹ̀yẹ sì tẹ̀ lé e ní oṣù kọkànlá.

Àjọ kan náà ti ṣe irú ẹ̀ rí. Lọ́dún 2004, wọ́n fi àmì-ẹ̀yẹ yìí dá Kim Alexander, David Dill àti Avi Rubin lọ́lá, àwọn mẹ́ta tó dìde lórí ẹ̀rọ ìbò ní Amẹ́ríkà. Lọ́dún tó ṣáájú, Rubin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ka ètò kọ̀ǹpútà inú ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ Diebold, wọ́n sì fi hàn pé ààbò rẹ̀ kò tó nǹkan. Dill, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Stanford, ń lọ káàkiri pé kí ẹ̀rọ ìbò kankan má ṣe ṣiṣẹ́ láìsí ìwé tí olùdìbò fojú ara rẹ̀ rí.

Àwọn kan lè bi mí pé kí ni àmì-ẹ̀yẹ lásán ń ṣe. Ó ń ṣe nǹkan gidi. Ẹni tó ń tú ẹ̀rọ ìbò wò máa ń dá wà: ilé-iṣẹ́ tó ṣe é kò fẹ́ rí i, àjọ tó ń lò ó kò fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀, ẹgbẹ́ tó wọlé á ní ọ̀tá òun ni, ẹgbẹ́ tó fìdí rẹmi á sì fẹ́ lò ó ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà tí àjọ tó ní orúkọ bá pè é síta níwájú ayé pé iṣẹ́ ìlú ló ṣe, ó máa ń ṣòro fún adájọ́ láti wò ó bí olè lásán, àwọn ọ̀dọ́ tó ń bọ̀ lẹ́yìn á sì mọ̀ pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà, pé ó sì ní iyì.

Síbẹ̀, ẹ̀yẹ tí mo kà sí jù ni èyí tó wọ inú òfin. Subramanian Swamy, gbajúmọ̀ olóṣèlú, ti gbé àjọ elétò ìdìbò lọ sílé-ẹjọ́ kí Prasad tó rí ẹ̀rọ tú. Àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú náà ti ń ráhùn. Ìwádìí yẹn ló fún ìráhùn ní ẹ̀rí. Àjọ elétò ìdìbò fara mọ́ ọn pé kí wọ́n dán ìwé ẹ̀rí wò, ìyẹn ìwé tí olùdìbò fojú ara rẹ̀ rí, wọ́n kọ́kọ́ lò ó nínú ìbò tòótọ́ ní Noksen, ìpínlẹ̀ Nagaland, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2013. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹwàá ọdún yẹn, ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ dájọ́ pé ìbò kò lè jẹ́ òmìnira àti òdodo láìsí ìwé ẹ̀rí yìí, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi í síbi gbogbo.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó olùdìbò. Bí ó bá ti tẹ bọ́tìnì, pélébé ìwé á yọ lẹ́yìn gíláàsì, pẹ̀lú nọ́ńbà, orúkọ àti àmì olùdíje tó yàn. Ó máa wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá 7, kó tó já bọ́ sínú àpótí tí wọ́n ti dì pa. Olùdìbò kò lè mú un lọ sílé, kò sì sí ẹni tó lè fi í dán an wò pé ta lo dìbò fún. Lọ́jọ́ ìkà, wọ́n lè ṣí àpótí, kí wọ́n ka pélébé wọ̀nyẹn lọ́wọ́, kí wọ́n sì gbé e lé ohun tí ojú ẹ̀rọ sọ. Pátákó onírọ́ tí mo júwe lẹ́ẹ̀kan á tú síta lójú ẹsẹ̀. Lọ́dún 2019, gbogbo ẹ̀rọ tí wọ́n fi dìbò ilé aṣòfin àpapọ̀ ló ní ìwé ẹ̀rí yìí.

Ìbéèrè tó kù wá ni: mélòó ni kí wọ́n ṣí? Bí wọ́n bá ní kí wọ́n ka gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́, kí ni wọ́n tún fẹ́ fi ẹ̀rọ ṣe? Ẹyọ kan ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣí ní ẹkùn ìdìbò ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ alátakò 21 ní kó di ìdajì gbogbo ẹ̀rọ. Ní oṣù kẹrin ọdún 2019, ilé-ẹjọ́ sọ ọ́ di 5.

Ẹni tó mọ ìṣirò á rí ibi tí 5 ti kù díẹ̀ káàtó. Ká ní ẹkùn kan ní ẹ̀rọ 250, tí wọ́n sì ti ba 10 jẹ́ nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá fi kèké mú 5 wò, ìgbà tó lé ní 80 nínú 100 ni wọn kò ní ko ìkankan nínú àwọn 10 yẹn. Bí ẹni tó wọlé bá fi ìbò púpọ̀ borí, ẹ̀rọ 10 kò lè yí èsì padà, kò sì sí ìyọnu. Ṣùgbọ́n bí àlàfo bá kéré, 10 yẹn tó láti gbé ẹni tí ìlú kò yàn sórí àga. Nítorí náà, nọ́ńbà kan ṣoṣo tí kò yí padà kò lè tọ̀nà níbi gbogbo.

Ibí ni iṣẹ́ Philip Stark ti wọlé, oníṣirò ní Yunifásítì California ní Berkeley. Láti bí ọdún 2008 ló ti ń kọ nípa àyẹ̀wò kan tí iye ìwé tí wọn yóò wò nínú rẹ̀ dá lórí àlàfo tó wà láàárín ẹni tó wọlé àti ẹni tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó ń se ọbẹ̀ mọ̀ pé bí òun bá ti ro ó dáadáa, ṣíbí kan tó láti mọ̀ bóyá iyọ̀ dùn, ìkòkò ìbáà jẹ́ ti ìyàwó ilé tàbí ti ìnáwó. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé ìbò rí, bí wọ́n bá fi kèké mú un: bí ìbò ṣe pọ̀ tó kọ́ ló ń pinnu iye tí wọn yóò wò, àlàfo ni.

Wọ́n á kọ́kọ́ dá ewu tí wọ́n lè gbà sílẹ̀, ká ní 5 nínú 100. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí èsì tí wọ́n kéde bá jẹ́ irọ́, àǹfààní tí irọ́ yẹn ní láti gba inú àyẹ̀wò kọjá kò ní ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n á wá máa fi kèké mú ìwé ìbò lẹ́yọ lẹ́yọ. Ìwé kọ̀ọ̀kan tó bá jẹ́ ti ẹni tí wọ́n kéde á fi kún ẹ̀rí rẹ̀, èyí tó bá jẹ́ ti alátakò rẹ̀ á dín in kù. Ìgbà tí ẹ̀rí bá kún òṣùwọ̀n ni wọ́n tó dáwọ́ dúró. Bí kò bá kún, wọ́n á máa mú un lọ títí wọn yóò fi ka gbogbo ìwé lọ́wọ́ tán, ohun tí wọ́n bá kà lọ́wọ́ ló sì jẹ́ èsì. Bí ó bá jẹ́ olùdíje méjì, tí ọ̀kan ní 60 nínú ọgọ́rùn-ún tí èkejì ní 40, ìwé bí 150 ló sábà máa ń tó. Bí ó bá jẹ́ 55 sí 45, ó di bí 600. Bí ó bá jẹ́ 51 sí 49, ó fò di bí 15,000.

Ìpínlẹ̀ Colorado ní Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ ṣe é jákèjádò ìpínlẹ̀, ní oṣù kọkànlá ọdún 2017. Kèké gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí gbogbo èèyàn rí, torí pé bí ẹni tó fẹ́ jí ìbò bá mọ àpótí tí wọn yóò ṣí, àpótí mìíràn ló máa bà jẹ́. Nítorí náà, wọ́n pe àwọn ará ìlú jọ ní Denver, wọ́n gbé dáìsì olójú 10 sílẹ̀, wọ́n sì ní kí àwọn èèyàn máa jù wọ́n. Nọ́ńbà tó yọ ni wọ́n kì sínú kọ̀ǹpútà tó yan ìwé ìbò tí káúńtì kọ̀ọ̀kan máa mú jáde. Kọ̀ǹpútà wọn níbẹ̀ sì ń fi àkọsílẹ̀ ìwé kọ̀ọ̀kan pamọ́, torí náà wọ́n lè gbé ìwé kan lé àkọsílẹ̀ rẹ̀ gan-an, iye tí wọ́n nílò á sì kéré ju èyí tí mo sọ lókè. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni National Academies, àgbà àjọ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Amẹ́ríkà, gba gbogbo ìpínlẹ̀ nímọ̀ràn pé kí wọ́n máa ṣe irú àyẹ̀wò yìí, kí wọ́n sì máa fi ìwé tí èèyàn lè kà dìbò.

Ní Nàìjíríà, ìwé wà lọ́wọ́ wa. Ìka la fi ń tẹ̀ ẹ́, wọ́n ń kà á sókè níwájú gbogbo wa, ejẹ́ǹtì ẹgbẹ́ ń fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù EC8A, wọ́n sì ń lẹ èsì mọ́ ibùdó. Ojú ọ̀nà láti ibùdó dé ibi tí wọ́n ti ń ṣàkójọ èsì ni nǹkan ti máa ń yí. Ìyẹn ni Yiaga Africa, àjọ kan tó ń ṣọ́ ìbò, fi ń fi kèké mú ibùdó dípò ìwé. Lọ́dún 2019, ibùdó 1,515 ni wọ́n mú káàkiri orílẹ̀-èdè. Àwọn olùṣọ́ wọn jókòó sí ibùdó kọ̀ọ̀kan láti àárọ̀ títí wọ́n fi ka ìbò tán, wọ́n sì fi èsì ránṣẹ́ lórí fóònù. Láti ara rẹ̀ ni wọ́n ti ṣírò ibi tí ìdá ìbò ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ bọ́ sí, wọ́n sì gbé e lé ohun tí INEC, àjọ elétò ìdìbò Nàìjíríà, kéde. Ó bára mu lọ́dún yẹn. Lọ́dún 2023, wọ́n sọ ọ́ síta pé èsì ìbò ààrẹ tí wọ́n kéde ní Rivers àti Imo kò bá ohun tí àwọn rí ní ibùdó mu.

Ọ̀nà yìí ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ, ará Ọ̀ṣun kò sì ní gbàgbé rẹ̀. Nínú ìbò gómìnà ọjọ́ 22 oṣù kẹsàn-án ọdún 2018, Ademola Adeleke ní 254,698, Gboyega Oyetola ní 254,345. Ìbò 353 ló wà láàárín wọn. Bí a bá ki àlàfo yẹn bọ inú ìṣirò tí mo ṣe lókè, iye ìwé tó máa béèrè ju gbogbo èyí tí wọ́n dì lọ. Kò sí kèké tó lè sọ ẹni tó wọlé níbẹ̀, kíka gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ nìkan ló lè sọ ọ́. INEC ní ìbò náà kò parí, wọ́n tún un dì ní ibùdó 7 ní ọjọ́ 27, Oyetola sì fi ìbò 482 wọlé.

Ní Íńdíà, ẹjọ́ kò tán lọ́dún 2019. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹrin ọdún 2024, ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ kọ̀ láti pàṣẹ pé kí wọ́n ka gbogbo pélébé ìwé, ó fi 5 sílẹ̀ bó ṣe wà. Ṣùgbọ́n ó fi ohun kan kún un tí Prasad ì bá fẹ́ rí lọ́dún 2009: olùdíje tó bá ṣe ipò kejì tàbí ìkẹta lè béèrè, láàárín ọjọ́ 7 tí wọ́n kéde èsì, pé kí àwọn ẹnjiníà ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ wá yẹ ṣíìpù inú rẹ̀ wò, nínú 5 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀rọ tó wà ní ẹkùn rẹ̀. Òun ló máa sanwó rẹ̀, wọ́n á sì dá owó rẹ̀ padà bí wọ́n bá rí i pé ẹnì kan ti fọwọ́ kàn án.